Ìyókù Ọ̀rọ̀ Orí Pátákó

Ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó bá tan iná fóònù sí mi lójú, kó pa á kó má fi bátìrì ṣòfò, èmi kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí àga mi wà níbi tó wà. Ẹ mọ̀ pé n kì í jókòó níbi tí ògiri kò bá sí lẹ́yìn mi. Àwọn kan nínú yín máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Átíìsì ti fi ògiri ṣe ìyàwó. Kò burú. Bí ọ̀kadà bá dún gbàmù lójú títì, kí ẹ̀yin tó wẹ̀yìn, èmi á ti dọ̀bálẹ̀, màá ti fi ọwọ́ bo orí. Ara mi kì í dúró gbọ́ àlàyé.

Múrí, o wà níbẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí o jókòó. Mo gbọ́ irin tó kan sìmẹ́ǹtì lábẹ́ àga rẹ, o sì rọra fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Àdá ni. Mi ò ní béèrè ohun tí o fẹ́ fi ṣe, o ti sọ ọ́ fún mi láàárọ̀. O ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ lọ sí ojú ààlà, pé kí ẹ tó lọ, kí n dárúkọ ẹni tó yìnbọn mọ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n pa Láì, bàbá rẹ. O ní gbogbo ilé ló mọ̀ pé mo mọ orúkọ náà, pé mo kàn fi pamọ́ ni. Òótọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ìlú rẹ̀, mo mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Fara balẹ̀ gbọ́ mi ná, lẹ́yìn náà kí o ṣe ohun tí ọkàn rẹ bá ní kí o ṣe.

Nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ìlú Ọ̀fà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù, láti ìdí rélùwéè títí dé ọ̀nà Ìjagbo, ọwọ́ èèyàn ló kọ orúkọ sí i lórí, púpọ̀ nínú ọwọ́ náà sì jẹ́ ọwọ́ mi, ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Átíìsì nìyẹn. Èmi ni mo kọ ti télọ̀, èmi ni mo ya orí onírun gígé sí ara ògiri bábà, èmi ni mo kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sí ara ilé tí àwọn ọmọ bàbá kan náà ń jà sí. Orí taya àlòkù ni mo ti kọ ti fọ́kánáísà, ọ̀dà funfun lára rọ́bà dúdú, tí lẹ́tà náà yípo bí ejò. Èèyàn tí kò lọ sílé-ìwé rárá á dúró níwájú ògiri, á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Ìwọ Múrí, ara taya yẹn lo ti kọ́kọ́ mọ lẹ́tà. O máa ń na ìka sí i kó tó gbẹ, ọ̀dà á yí ẹ lọ́wọ́, o ó fi nu aṣọ, ìyá rẹ á wá dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, á máa bú mi.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń tẹ gbogbo rẹ̀ sára ọ̀rá. Fulẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Afẹ́fẹ́ á fà á ya, wọ́n á lọ tẹ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pólì kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Wọ́n ní ó dára lójú. Mo na ọwọ́ sí ọ̀kan nígbà kan, ó ń yọ̀ bí ike, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ tí ọwọ́ lè dì mú. Ọ̀dà tiwa nípọn. Bí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, wàá mọ ibi tí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní ìró tirẹ̀. A ó fi ẹfun pa owú gígùn, a ó nà án láti etí pátákó kan dé èkejì, a ó fà á sókè bí okùn ọrun, a ó jù ú sílẹ̀: pá. Ìlà funfun á dúró sára pátákó, tó tọ́ bí ojú irin. Ìró yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ ti mọ́. Báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá ju owú bẹ́ẹ̀ létí mi, mo lè kígbe.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, etí rúlà ló fi ń kọ́ni. Ibi eegun ìka ló máa ń lù, ó sì máa ń ní kí a tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì fúnra wa. Mo gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ mọ́sáláṣí nígbà kan. Ó nà mí títí èékánná mi fi yọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ẹnu pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí mo bá ń kọ ọ́, kí n má baà fo òmíràn. Mi ò mọ̀gbà tí ó di bárakú. Ohun kejì tí ó fi ẹgba kọ́ mi ni pé kí n kọ ìlà òkè tán, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n jókòó títí yóò fi gbẹ, kí n tó fọwọ́ kan ìlà kejì. Ó ní bí ọrùn ọwọ́ bá kan ọ̀dà tútù, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Ẹ fi nǹkan méjèèjì yìí sọ́kàn. Àwọn ló fọ́ mi lójú.

Kì í ṣe pé kò sí ìjà nígbà yẹn o. Ìjà wà. Ní àsìkò Iléyá kan, mo kọ pátákó fún ọkùnrin tó ń ta àgbò lẹ́bàá rélùwéè. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ọ̀kan nínú àwọn àgbò rẹ̀ wá lá ìdajì ọ̀rọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ funfun báláú. Oníbàárà ò rà á mọ́, wọ́n ní ó ní àìsàn. Ọkùnrin náà fa kùmọ̀ yọ, ó lé mi gba orí irin títí mo fi kó sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Láì ló wá gbé mi níbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè wa ọ̀kadà. Lọ́jọ́ ọdún ìjàkadì wa ní Ọ̀fà náà, ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́kùnrin, eyín máa ń kán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni wọ́n bá wá. Ẹni tí wọ́n dá mọ́lẹ̀ á gbọn iyanrìn nù, ẹni tó dá a á bu omi fún un. Nígbà tí wọ́n bá ti bu omi, ìjà ti parí. Mi ò rí ìjà tó parí mọ́ láti ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Bàbá rẹ kò mọ̀wé. Ọ̀kadà ló ń gùn, bí èrò kò bá sí, á tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́, á di àkàsọ̀ mú, á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Átíìsì, lẹ́tà yìí sanra ju ìyàwó ẹ lọ." "Átíìsì, èyí tẹ̀, àbí ebi ń pa á?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ABD, láti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀.

Alhaja kan ló bẹ̀ wá níṣẹ́. Ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù níbi tí ilé ti tán, tí oko ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní sọ ibi tó jẹ́ gan-an. Gbogbo ayé ló ń da pàǹtí síwájú rẹ̀, eṣinṣin kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹun. Ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà kí wọ́n lè rí i láti òkèèrè. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti wà lágbègbè yẹn kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Àárọ̀ ni a lọ. Mo na owú, mo jù ú sílẹ̀, mo gun àkàsọ̀, mo kọ ìlà òkè ní ọ̀dà dúdú: ILẸ̀ YÌÍ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ìgbọ̀nwọ́. Ìyókù máa bọ́ sí ìlà kejì àti ìkẹta, ní ọ̀dà pupa. Mo sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, èmi àti Láì jókòó sábẹ́ pátákó, a ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà.

Inú igbó ni wọ́n ti jáde. Wọ́n kò sáré. Ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀wé wo òkè, ó kà á: "Ilẹ̀ yìí." Ó tún un kà. Ó wá yíjú sí àwọn ìyókù, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Wọ́n ti ń kọ orúkọ wọn sí i." Láì dìde, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n rán wa níṣẹ́ ni." Kò sọ ohun tó yẹ kó sọ. Bí ó bá ti kọ́kọ́ dárúkọ pàǹtí ni, bóyá wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣa ọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé ẹni tó rán wa ni àwọn tí wọ́n ń bá ṣọ̀tá. Àdá bà á láàárín ọrùn àti èjìká. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Átíìsì, sá." Wọ́n tún ṣá a.

Múrí, mi ò ní sọ ìyókù ìyẹn. Mo rí i, ó tó kí èmi nìkan rí i.

Mi ò lè sá. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá mi ṣubú, ọ̀kan nínú wọn wá fi bàtà tẹ ọrùn ọwọ́ mi mọ́lẹ̀. Ó gbé ṣakabùlà dání. Ohùn rẹ̀ há bí ẹ̀rọ ìlọta tí epo rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní, "Ọwọ́ wo lo fi ń kọ ọ́?" Mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní iṣẹ́ òòjọ́ mi ni, mo ní mo lọ́mọ. Ó tún béèrè, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà. Mo sọ fún un pé ọ̀tún ni. Ó fi gbogbo ara dúró lé e, mo gbọ́ eegun náà bó ṣe ń kán. Mo gbé orí sókè láti kígbe. Òun náà ló jẹ́ kí n rí pátákó, ILẸ̀ YÌÍ, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán. Ó yìnbọn. Ohun tí mo fi ojú kà kẹ́yìn láyé nìyẹn, ọwọ́ ara mi ló sì kọ ọ́.

Wọ́n da kẹrosíìnì tí mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì sára pátákó, wọ́n ṣáná sí i. Mi ò rí iná náà. Mo mọ ooru rẹ̀ lójú, lójú tí kò sí mọ́.

Ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e, àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú yín. Ilé jó níbí, ilé jó lọ́hùn-ún. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà tí wọ́n ń sọ fún mi pé àwọn ń gbẹ̀san ojú mi àti ẹ̀mí Láì. Wọ́n dárúkọ àwọn tí wọ́n pa. Mi ò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ilé tó jó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó sínú ilé. Ìyàwó mi ló ń ka àkọlé ara oògùn mi fún mi, ó ń ka ọ̀rọ̀ inú fóònù mi fún mi, èyí tó bá wù ú ló ń kà. Lẹ́tà kò fi mí sílẹ̀. Bí mo bá sùn, mò ń kọ pátákó. Ìyàwó mi ló gbọ́ pé ibì kan wà ní Ìlọrin tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí kò ríran níwèé. Ó ní kí n lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mo máa kú sórí àga. Ó mú mi lọ.

Bíréèlì ni wọ́n ń pe ìwé náà. Kókó kéékèèké ni, tó yọ sókè lára ìwé líle bí ọkà bàbà. Kókó mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe tò ó ni lẹ́tà ṣe ń yí padà. Ó bí mi nínú. Ní orí mi, A dúró bí àkàsọ̀ tí a ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, A jẹ́ kókó kan ṣoṣo. Ìka mi náà ti kú. Kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù tí mo fi ń fọ ọ̀dà láti kékeré ti sọ ọ́ di awọ bàtà. Tíṣà wa, Àǹtí Bọ́sẹ̀, kò ríran láti kékeré. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ní kí n máa fi òrí pa á, ó wá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé bíríkìlà ni mí. Ó gbé ọwọ́ mi sí imú, ó ní, "Bíríkìlà tí ń run ọ̀dà." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí mo fi purọ́ nìyí. Kí ó tó kàn mí ni Àǹtí ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ bíréèlì. A ó ki ìwé sínú férémù irin, a ó fi irin kékeré kan, ṣóńṣó bí ìlu tí aránbàtà fi ń gún awọ, gún un láti ọ̀tún lọ sí òsì, bí ìgbà tí a ń kọ kéwú, a ó wá yí ìwé náà padà kí kókó yọ sókè, a ó máa kà á láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ohùn kan wá jáde láti ìdí fèrèsé.

"Àǹtí, ọwọ́ wo la fi ń kọ ọ́?"

Ara mi ti dá a mọ̀ kí èmi tó mọ̀. Mo tọ̀ sára. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé omi ló dà, ó ń wá àkísà. Àǹtí dáhùn pé ọwọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọkùnrin náà ní, "Ó dáa." Ohùn rẹ̀ ṣì há bákan náà. Ní kíláàsì, wọ́n ń pè é ní Ìlọta. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ìlú rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀, ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ẹnu mọ́. Mo mọ ohùn rẹ̀, òun náà sì lè mọ tèmi, mo bẹ̀ ẹ́ tó. Mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà sá, mi ò mọ ibi tí ilẹ̀kùn yàrá náà wà dáadáa. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Wọ́n ń fún mi ní orógbó, wọ́n ń fún mi ní oyin, ìyàwó olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà se àgbo wá. Mò ń mu gbogbo rẹ̀, mò ń fi orí dáhùn. Ní ìgbà tí a bá ń kọ, gbogbo yàrá á máa dún tọ́, tọ́, tọ́, bí ìgbà tí adìẹ ń ṣa àgbàdo, èmi á sì di irin ṣóńṣó yẹn mú, màá máa rò ó. Mo mọ ibi tí ọ̀fun rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń gbà jáde. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé òun náà máa ń pọ́n irin tirẹ̀. Bí a bá sinmi, mo máa ń gbọ́ ọ lórí sìmẹ́ǹtì, ṣẹ̀, ṣẹ̀, ṣẹ̀. Àwọn yòókù ní ọwọ́ rẹ̀ kò lè dúró jẹ́ẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu dídì kọ́ ìwé yẹn. Àǹtí ní dandan ni kí a kà á sókè. Ó ní, "Bí ẹ bá kà á sínú, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Èmi náà ò ríran." Ó fún mi láyè títí. Nígbà tó yá, ó ní ọ̀fun wo ni kì í san. Ó ní àwọn tó ń dúró pọ̀, pé bí ó bá di Jímọ̀ tí n kò ka ojú ewé kan sókè, kí n padà sílé kí ẹlòmíràn jókòó síbi tí mo wà.

Mo rò ó. Bí mo bá padà sílé, mo ti di ẹni tí wọn yóò máa ka ayé fún títí tí yóò fi kú. Bí mo bá ya ẹnu, ẹni tó fọ́ mi lójú máa mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò parí. Àwọn ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò gba ọ̀fun mi kọjá, ọ̀fun náà wá ń dùn mí ní tòótọ́.

Jímọ̀ dé. Ó pe orúkọ mi. Mo fi ìka òsì kan ìwé, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò kán. Mo kà á. Ìtàn ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu ni. Mo ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí n tó pe ọ̀rọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe, ohùn mi gan-an ni mo fi kà á. Gbogbo irin dákẹ́. Mo kà á dé òpin. Àǹtí pàtẹ́wọ́, ó ní, "Bíríkìlà ti mọlé." Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo gbọ́ ọwọ́ tó ń tọ etí tábìlì bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo fún irin mi mọ́ ìkúùkù. Ó dúró. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Átíìsì," ó ní.

Múrí, ẹnì kan ṣoṣo ló pe orúkọ yẹn lójú rẹ̀ rí.

"Mo ti mọ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó o ti gbé irin," ó ní. "Ẹnu ẹ kì í sinmi tó o bá ń kọ nǹkan. Í, lí, ẹ́. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń ṣe lórí àkàsọ̀. Inú igbó la wà, à ń gbọ́ ẹ."

Mo ní, "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ká ní mo fẹ́ ṣe nǹkan ni, mi ò ní dúró di òní. Mò ń pọ́n irin dè ẹ́ ni, bí ìwọ bá kọ́kọ́ dìde sí mi." Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní ìbọn yẹn náà ló fọ́ òun lójú, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òun tún ìbọn náà kì, ó bẹ́ sí òun lójú. Mo sọ fún un pé inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Ó ní òun mọ̀.

Ó wá ní, "Gbọ́ mi. Mi ò mọ̀wé nígbà yẹn. Wọ́n ní Ilẹ̀ Yìí lo kọ. Kí ni ìyókù?"

"Ìyókù kí ni?"

"Ìyókù ọ̀rọ̀. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ ìwé yìí ló ti ń dà mí láàmú. Èèyàn ò lè kọ Ilẹ̀ Yìí kó dúró síbẹ̀. Kí lo fẹ́ kọ tẹ̀ lé e?"

Mo lè fi ẹnu sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Alhaja ni, mi ò sì tíì parí rẹ̀. Mo ki ìwé sínú férémù. Ọwọ́ ọ̀tún mi kò tọ́ mọ́, òun ni mo fi gún un. Mò ń pe lẹ́tà náà sínú, mi ò jẹ́ kó gbọ́. Mo yí ìwé náà padà, mo tì í sí i. Ó fi ìka lé e. Ó ń fà á bí ọmọ kékeré. "Ilẹ̀. Yìí." Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. "Kì. Í. Ṣe." Mo gbọ́ ìka rẹ̀ lórí ìwé. "Àà... tàn." Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà. Ó tẹ̀ síwájú. "Ẹ má da pàǹtí síbí mọ́."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, láìfi ọwọ́ kan ìwé: "Pàǹtí."

Ó ti ìwé náà padà sí mi. Ó ní, "Ẹni tó wà pẹ̀lú ẹ, èmi kọ́ ni mo ṣá a." Mo béèrè pé ta ni. Ó ní ẹni náà ti kú, pé àwọn èèyàn tiwa ló sun ún mọ́ ilé kí oṣù tó parí. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Títí di òní, mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó kú ló di ẹ̀ṣẹ̀ rù. Kò bẹ̀ mí. Mi ò sì dárí jì í, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ìkàwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún àwa tí a wà lórí tábìlì náà. Títí a fi parí, òun ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè, èmi láti ìsàlẹ̀. Nígbà míì, ìka wa á pàdé láàárín ojú ewé, a ó sì fà á sẹ́yìn kíá, bí ẹni fọwọ́ kan iná.

Bí mo ṣe mọ̀wé nìyẹn. Báyìí, mò ń ka ìwé nínú òkùnkùn biribiri, kò sí ẹni tó ń yan èyí tó wù ú fún mi.

Múrí, o ti gbọ́ ọ. Orúkọ náà wà níkùn mi, mi ò ní sọ ọ́. Má rò pé ìwà rere ni. Ẹ̀rù ni. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ó lọ, ẹ ó sun ilé kan, àwọn náà á wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran á sá gba inú Ọ̀fà, èmi á wà lórí àga yìí, ẹ̀yìn mi lára ògiri, màá máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí. Bóyá obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí yín lọ́wọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa lè sọ fún mi ohun tó ṣe. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n kà tí wọ́n fi pa bàbá rẹ. Orúkọ kan lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ó tilẹ̀ kéré sí i.

Gbé irin tó wà lábẹ́ àga rẹ fún mi. Mú ẹnu rẹ̀ dání kí o kọ èèkù rẹ̀ sí mi. Mo ti na ọwọ́, ọ̀tún ni, èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò ní fà á sẹ́yìn. Bí ó bá rẹ ẹ̀yin yòókù, ẹ máa lọ sílé. Èmi àti Múrí ṣì wà níbí. Jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi.